Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ṣọ́ọ̀ṣì ní Mànígìrì

Káfíńtà tó ń bẹ̀rù òrùlé ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fúnra mi kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Ní Ṣakí tí wọ́n bí mi sí, ọ̀gá mi a máa gun àjà bí ológbò, èmi a dúró nísàlẹ̀, n óò máa na ìṣó sí i, n óò sì máa bẹ Ọlọ́run kí ó má pè mí sókè. Lọ́jọ́ tó pè mí, mo gòkè lóòótọ́. Sísọ̀ ni n kò lè sọ̀. Ìyàwó onílé gbé oúnjẹ ọ̀sán mi fún mi lórí òrùlé kí wọ́n tó fi okùn sọ̀ mí kalẹ̀ bí ẹrù iṣu.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn oníṣòwò obì dé tí wọ́n ní ní ilẹ̀ Faransé, lọ́nà Bàsílà, igi pọ̀, káfíńtà kò pọ̀, àti pé òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ń wá ẹni tí yóò bá a kan ilẹ̀kùn àti tábìlì, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan péré: “Ta ní ń kan òrùlé?” Wọ́n ní ẹlòmíràn ni. Mo di ẹrù mi. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, mo mọ orin ìsìn bíi mélòó kan, mo sì lè kí àjẹ́lẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo rò pé ìyẹn tó láti fi la ayé já.

Wọ́n ti sọ fún mi pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Mànígìrì, ìlú ẹ̀bá Bàsílà tí mo dé sí. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn dà bí aṣọ mi lọ́rùn ẹlòmíràn: mo mọ̀ pé tèmi ni, n kò kàn mọ ibi tí ọrùn rẹ̀ wà mọ́. Mo kí wọn, wọ́n dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Mo ní káfíńtà ni mí, wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní, “Áà, mẹ̀núsíyè!” Mo ní rárá o, káfíńtà; n kò tí ì mọ̀ pé ohun kan náà ni. Lọ́rì tó gbé mi wá, kàmíọ̀ ni tiwọn. Súkúù, lékólù. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti sọ mí lórúkọ: Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí kò tí ì hu eyín tán a máa pè mí bẹ́ẹ̀, “Gẹ̀ẹ́sì, kú ìrọ̀lẹ́ o!”

Bàbá Sanni ló gbà mí sílé. Àgbẹ̀ oníṣu ni, àgbà tí ìlú ń gbọ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó fún mi ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mẹ́múnà, wà nílé nígbà náà, ó ti ilé ọkọ wá gbé oyún tuntun sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Òun ló ń gbé iṣu sísè wá fún mi nírọ̀lẹ́, a sì máa dúró díẹ̀ láti gbọ́ èdè mi, kí ó lè rí ohun tí yóò lọ sín jẹ fún àwọn obìnrin ilé.

Láàárọ̀, kàmíọ̀ òyìnbó a kó àwa òṣìṣẹ́ lọ sí Bàsílà. Níbẹ̀, àwọn Àníì ló nílùú, n kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè wọn. Èyí dùn mọ́ mi ju ti Mànígìrì lọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè rárá mọ̀ pé àjèjì ni òun, ó ti gbà fún Ọlọ́run. Ẹni tó gbọ́ ìdajì ni ìyà ń jẹ: òun ló ń rẹ́rìn-ín kí àpárá tó parí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, òyìnbó mú mi wọ ṣọ́ọ̀bù, ó sì ká aṣọ kúrò lórí ohun kan. Ó tóbi tó orí àgbò, ó sì ní etí méjì tí ènìyàn ń fọwọ́ méjèèjì dì mú. Irin pẹlẹbẹ kan ló fi jókòó lórí pákó, ihò sì wà láàárín irin náà. Bí o bá tẹ etí méjèèjì wálẹ̀, abẹ kan á gba ihò náà yọ, á rì wọ inú igi, á máa yí, á máa jẹun. Bí o bá dẹ ọwọ́, sípíríǹgì á tún gbé e padà sókè. Iná mànàmáná ló ń mu, láti ara ẹ̀rọ ńlá kan tó wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń pè ní gúrúpù.

Òyìnbó na ìka sí i. Ó ní, “Sà, sẹ̀ là défọ́ńsọ́ọ̀sì.”

Ohun tí etí mi gbọ́ ni: “Dé fún ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ó yà mí lẹ́nu bí òyìnbó ṣe gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ yékéyéké: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún ilé ìsìn ni, ó dé fún ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí fìlà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àmín.

Ó bá tan án.

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ bí n óò ṣe ṣàlàyé igbe náà. Bí ẹgbàá agbọ́n bá wọ inú agbè kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń jà sí ìjókòó! Ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè. Nígbà tí mo máa mọ ibi tí mo wà, orí ẹrù inú kàmíọ̀ ni, lókè pátápátá, èmi tí mò ń bẹ̀rù òkè. Ìsífù ló wá bẹ̀ mí sọ̀kalẹ̀. Òun ni ọkùnrin tó ń tọ́jú gúrúpù, ọmọ Bàsílà, àmọ́ ará Mànígìrì ni ìyá rẹ̀, ó sì lọ sí lékólù díẹ̀.

“Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ kì í lé èèyàn o.”

“Mo mọ̀,” ni mo wí. “Mo kàn fẹ́ wo ojú ọ̀nà ni.”

Láti ọjọ́ náà, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà nígbà tó bá ń ké. Ṣùgbọ́n bí òyìnbó bá ti pa á, èmi ni mo ń fẹ́ ẹ̀rúnrún igi kúrò lára rẹ̀, èmi ni mo ń fi òróró pa irin rẹ̀, èmi ni mo sì ń fi aṣọ funfun bò ó, nítorí ohun ìsìn ni. Òyìnbó a máa wò mí, a máa mi orí. Ó rò pé ìfẹ́ ni.

Tẹlifóònù wà ní ọ́fíìsì kọ̀màndáǹ, àjẹ́lẹ̀ tiwọn, àmọ́ ta ni yóò gbé e ní ojúlé ìyá mi? Ewúrẹ́? Màmá Ráfà, alájàpá aṣọ tó ń ná ọjà Ṣakí títí dé Bàsílà, òun ni tẹlifóònù tiwa. Ó mọ ohùn ìyá mi í ṣe. Á fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, á yọ ètè síwájú, mo bá dé ilé.

“Ìyá rẹ ní kí n wí báyìí pé: Ṣé òótọ́ ni ohun tí mo gbọ́, pé ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́? Mo ti sọ fún gbogbo ìyá ìjọ. Wọ́n ti gbàdúrà lé ọ lórí. Máa wẹ ọwọ́ rẹ kí o tó fọwọ́ kàn án o! Ṣé ò ń jẹun?”

“Ẹ ní mò ń jẹun, Màmá.”

“Ó ní tí o bá ti ní ò ń jẹun, irọ́ ni, kí n wo ọrùn rẹ.” Ó bá wo ọrùn mi. Mo yíjú sí ọ̀nà Ṣakí, mo ṣe bí ẹni pé èéfín ló kó sí mi lójú.

Iṣẹ́ òyìnbó parí, ó ń lọ sí ìlú rẹ̀. Ó kó wa jọ, ó bọ̀ wá lọ́wọ́. Nígbà tó kàn mí, ó gbé ẹ̀rọ náà tòun ti aṣọ funfun orí rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó fi ìka kan ẹ̀rọ, ó fi ìka kan àyà mi. Nínú gbogbo rẹ̀, “dé fún ṣọ́ọ̀ṣì” nìkan ni mo gbọ́. Ìsífù ní, “Ó ní kí o máa gbé e lọ sílé.” Omi bọ́ lójú mi. Nínú gbogbo Bàsílà, èmi ni wọ́n rí tí wọ́n lè fi ohun ilé Ọlọ́run ṣọ́! Mo gbé e dé Mànígìrì, mo fi í sórí àpótí lẹ́bàá ibùsùn mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣọ́ọ̀ṣì kankan kò sí nítòsí. Mo fi ọwọ́ ń kan ìjókòó àti ilẹ̀kùn fún ará ìlú, oṣù mẹ́rin kọjá.

Nígbà náà ni Bàbá Sanni ránṣẹ́ pè mí. Àgbà méjì mìíràn wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Gẹ̀ẹ́sì,” ó ní, “o mọ ilé ìgbẹ̀bí tí a kọ́ sẹ́bàá ọ̀nà. Ògiri ti dúró, òrùlé ti wà. Àwọn ará Pẹnẹsúlù, ìlú kejì wa, náà ti kọ́ tiwọn. Agbẹ̀bí kan ṣoṣo ni ìjọba ní. Wọ́n ní lẹ́yìn ọjà mẹ́ta kàmíọ̀ yóò gbé e wá, ibi tó bá ti bá fèrèsé ni yóò sọ ẹrù rẹ̀ sí.”

“Irú fèrèsé wo, Bàbá?”

“Bíi ti ilé dókítà ní Bàsílà. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń wọlé, tí ojú kì í wọlé.”

Mo mọ̀ ọ́n. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tò lérí ara wọn, gbogbo wọn dagun, orí pákó kọ̀ọ̀kan sì ní láti wọ inú ihò tirẹ̀ lára férémù, ihò tó dagun bákan náà. Fèrèsé mẹ́fà. Mo ṣírò rẹ̀ nínú orí mi: ihò igba ó lé mẹ́rìndínlógún, nínú igi ìrókò.

“Bí mo bá fi oṣó ìgbẹ́gi àti òòlù gbẹ́ ẹ, Bàbá, yóò tó oṣù kan.”

“Ẹ̀rọ òyìnbó tó wà ní yàrá rẹ ńkọ́?”

“Ẹ dákun, Bàbá. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni.”

“Kí ló ń jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Ilé Ọlọ́run ni, Bàbá. N kò láṣẹ láti fi ṣe nǹkan mìíràn.”

Ó ní, “Ilé tí ọmọ ti ń bọ́ sáyé, Gẹ̀ẹ́sì, ilé ta ni?”

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó wọlé. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: bí ojú ti ń tì mí tó, inú mi lọ́hùn-ún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè ní kí n tan án. Ìbẹ̀rù mi ti wọ aṣọ funfun, ó ti lọ jókòó síwájú bí alàgbà ìjọ.

Ilé tutù sí mi. Kò sẹ́ni tó bú mi. Ìkíni kò dín kù, ẹ̀rín ló dín kù. Kò sẹ́ni tó ń sín èdè mi jẹ mọ́, mi ò sì mọ̀ pé èèyàn lè ṣàárò ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mẹ́múnà ń gbé iṣu wá síbẹ̀, nítorí a kì í febi pa àlejò, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé e kalẹ̀, ó ti lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró, kò yíjú sí mi.

“Ojú ọ̀nà Bàsílà ni mo ti bí àkọ́kọ́,” ó ní. “Kàmíọ̀ kọṣẹ́. Wọ́n tẹ́ ẹní fún mi sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kọ ẹ̀yìn sí mi, ṣùgbọ́n wọ́n ń bojú wẹ̀yìn. Ọmọ náà kò ké rárá kí ó tó lọ.” Ó gbé abọ́ àná. “N kò bẹ̀ ọ́ o, Gẹ̀ẹ́sì. Mo kàn ń sọ ọ́ ni.”

Lọ́jọ́ kejì, mo fẹsẹ̀ rìn dé Bàsílà, mo bá Ìsífù lẹ́bàá gúrúpù.

“Ìsífù, bá mi kọ̀wé sí òyìnbó. Sọ fún un pé mo fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Ṣọ́ọ̀ṣì wo?”

“Ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ẹ̀rọ.”

“Ta ló sọ fún ọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ẹ̀rọ?”

“Òyìnbó fúnra rẹ̀! Lójoojúmọ́! Dé fún ṣọ́ọ̀ṣì, dé fún ṣọ́ọ̀ṣì!”

Ìsífù wò mí. Ó gbé kọ́ńdó irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, ó ní láti fara ti ògiri. “Dẹfọ́ńsé,” ó ní, bó ti ń nu ojú, “dẹfọ́ńsé ni kí a gbẹ́ nǹkan títí yóò fi jin wọnú. Ohun tó ń gbẹ́ ẹ ni défọ́ńsọ́ọ̀sì. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, Gẹ̀ẹ́sì! Bí a ti ń pe ayùn ní ayùn!”

“Ta wá ló ni ín?”

“Ìwọ! ‘Puù twá,’ ó ní tìrẹ ni. Mo ti rò pé o gbọ́. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí o ti ń ni ín!”

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Ìsífù rò pé ayọ̀ ni.

“Ìsífù, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Gbogbo Bàsílà mọ̀.”

A bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo gbé ẹ̀rọ náà padà lọ sí Bàsílà, sábẹ́ àtíbàbà gúrúpù, nítorí Mànígìrì kò níná. Mo di etí ẹ̀rọ náà mú, mo dijú. Ẹ má bi mí ìdí tí káfíńtà fi ń dijú lẹ́nu iṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó lè tètè tán. Ẹ̀rọ náà bú, ó gbé mi lọ sí ọ̀tún bí àgbò tí wọ́n fẹ́ pa, ó ju férémù sílẹ̀, ó sì gbẹ́ ọ̀nà tuntun sára tábìlì. Ìsífù sáré pa gúrúpù. Ẹ̀yìn àgbá epo ló ti bá mi.

“Ṣé ọwọ́ rẹ pé?”

“Bá mi kà á.”

Lẹ́yìn tó kà á, tó sì pé, mo jókòó, mo ronú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá mi ní Ṣakí kì í fi oṣó bu igi ní òkèlè ńlá, díẹ̀díẹ̀ ni. Kí ló dé tí mo fi gbé gbogbo ìjìnlẹ̀ náà lé ẹ̀rọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan? Mo tún wo ibi tí abẹ ń yí sí. Mo ti ń tì í sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ sáré lọ, ó sì sáré lóòótọ́. Bí a bá tì í dojú kọ ibi tó ń yí bọ̀, kò ní lè sá. Lẹ́yìn náà, mo mú pákó pẹlẹbẹ kan, mo fi oṣó la ojú kan sí i, ojú tó dagun bí ihò fèrèsé. Mo fi ìṣó kan án mọ́ férémù. Òrùka kékeré wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ó wọ inú ojú yẹn wẹ́kú, kò lè yà sọ́tùn-ún, kò lè yà sósì. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo dẹ ọwọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, ihò kan. Mo fi ìka kàn án: ó gbóná, ó sì dán bí inú abọ́.

“Ó ku igba ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún,” ni Ìsífù wí.

A gbọ́ pé mẹ̀núsíyè Pẹnẹsúlù ti gbé fèrèsé méjì kọ́. Mo ń ṣe ogún ihò lójúmọ́, lẹ́yìn náà mo ń ṣe ọgbọ̀n. Lọ́jọ́ kan Ìsífù ní mò ń kọrin, mo ní irọ́ ni, mo bá tún bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rù náà kò lọ o. Mo kàn rí iṣẹ́ fún un ni. Òun ló ń sọ fún mi pé kí n yọ wáyà kí n tó pààrọ̀ abẹ, kí n ká apá aṣọ mi sókè, kí n má mú ojú kúrò lára iṣẹ́. Bí mo bá fẹ́ kánjú, á gbá mi lẹ́yìn ọrùn. N kò rí ọmọṣẹ́ tó já fáfá bẹ́ẹ̀ rí o.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjà kẹta, a gbé fèrèsé kẹfà kọ́.

Agbẹ̀bí náà dé lọ́jọ́ kejì. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, kò ju ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, bàtà rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ le. Ó ní kí wọ́n má tí ì sọ ẹrù kalẹ̀. Ó wọlé, ó ti gbogbo fèrèsé, ó sì kígbe láti inú yàrá:

“Ẹ̀yin bàbá, ẹ súnmọ́ fèrèsé. Kí lẹ rí?”

Wọn kì í jẹ́ kí àlejò fọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láìgbé e ní Mànígìrì. Bàbá Sanni ló kọ́kọ́ dáhùn, tìdùnnú-tìdùnnú: “A rí gbogbo rẹ̀, ọmọ mi! Ó dára púpọ̀!”

“Ó ń dán!” ni àgbà kejì wí.

Agbẹ̀bí jáde, ojú rẹ̀ ti le sí i. “Gbogbo rẹ̀ lẹ rí?”

“Gbogbo rẹ̀, kò ṣẹ́ ku!”

Ó yíjú sí awakọ̀. “Má sọ ẹrù. Ó di Pẹnẹsúlù.”

Mo rí Mẹ́múnà lábẹ́ igi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí ikùn. N kò mọ ìgbà tí mo fò síwájú.

“Màdáàmù, ẹ dákun! Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún yín! Wọn ò rí nǹkan kan! Ẹ padà wọlé, kí ẹ na ìka sókè, kí ẹ bi wọ́n pé mélòó ni.”

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó padà wọlé. Fèrèsé pa dé.

“Mélòó?”

“Mẹ́ta!” ni Bàbá Sanni wí.

“Márùn-ún!”

Àgbà kẹta ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ní, “Iye tó bá wù ọ́ ni, ọmọ mi.”

Ẹ̀rín bú jáde láti inú yàrá. “N kò na ìkankan! Gèlè mi ni mò ń tún wé!” Ó yọ orí sí ẹnu ọ̀nà. “Awakọ̀, sọ ẹrù kalẹ̀. Ta ló ṣe fèrèsé yìí?”

“Mẹ̀núsíyè wa ni,” ni Bàbá Sanni wí, ó sì ń bá àgbà kejì jiyàn lọ pé bó bá na ìka ni, mẹ́ta ni yóò jẹ́.

Mo fi òótọ́ ránṣẹ́ sí ìyá mi nípasẹ̀ Màmá Ráfà. Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù kan, tòun ti ọwọ́ ní ìbàdí: “Má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Àdúrà tí wọ́n gbà, n kò lè dá a padà.”

Mẹ́múnà bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí ní ọ̀sán gangan, ọjọ́ tí oòrùn mú bí ata, wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìgbẹ̀bí. Mo ní mo fẹ́ lọ wo ìdè fèrèsé bóyá ó ti dẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n kúrò níbẹ̀, ìdè kò dẹ̀. N kò kúrò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kọjá lára mi, ó ń gba àárín àwọn pákó náà wọlé. Mo dojú kọ ọ́ nítòsí, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìka ẹsẹ̀ dúró. N kò rí ohunkóhun. Mo dúró síbẹ̀, ojú mi lórí ìrókò, títí mo fi gbọ́ igbe ọmọ.